Sísọ́ọ̀sì Mi Nínú Ọgbà Awọnlẹ̀

Àbámẹ́ta, 5 oṣù kẹrin

Ìwé ìwọ̀n àwọn oníbàárà mi ni mò ń fi ẹ̀yìn rẹ̀ kọ èyí. Níwájú: àyà, ìbàdí, gígùn apá. Lẹ́yìn: ọ̀rọ̀ tèmi. Kò sẹ́ni tó máa ṣí i débí.

Mo gbin kùkúńbà lónìí. Èmi tí gbogbo ohun tí mo mọ̀ láyé ò ju abẹ́rẹ́ àti òwú lọ. Hóró mọ́kànlá ló kù nínú ìgò oògùn tí Awọnlẹ̀ kọ TÈMI NI sí lára. Awọnlẹ̀ ni ọkọ mi. Òun ń wọn ilẹ̀ fún ìjọba, èmi ń wọn èèyàn, bá a ṣe jẹun títí a fi dàgbà nìyẹn. (Lójú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é ní "ó". Tí mo bá dé ojú rẹ̀, "ẹ" ni, kí wọ́n má sọ pé ilé wa ò kọ́ mi.)

Ọdún mẹ́tàlélógún ló fi gbin kùkúńbà sí ẹ̀yìnkùlé yìí láì ra hóró lọ́jà. Lọ́dọọdún, ó máa ń dá ọ̀kan sí lórí ìtàkùn títí á fi pọ́n kẹ̀dẹ̀, á yọ hóró inú rẹ̀, á sá a, á fi pamọ́ de ọdún tó ń bọ̀. Tí mo bá ṣèèṣì fọwọ́ kan ọ̀kan yẹn, ìjà dé. Ti ọdún tó kọjá jẹrà síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rántí rẹ̀, torí ọsibítù la wà. Rọpá-rọsẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ nílẹ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo ló sì kù lẹ́nu rẹ̀: Ó dáa. Ebi ń pa á — ó dáa. Tíì gbóná jù — ó dáa. Ó fẹ́ tọ̀ — ó dáa o, kí n yáa sáré.

Nítorí náà, mọ́kànlá yìí ló kù. Tí wọ́n bá bàjẹ́, ìran wọn parẹ́ nìyẹn. Mo gbé àga rẹ̀ sójú fèrèsé kó lè máa wò mí. Bóyá tó bá rí ewé, nǹkan á jí nínú rẹ̀. Ìdí tí mo ṣe ń gbẹ́lẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe pé mo fẹ́ràn ẹrẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 10

Mẹ́sàn-án hù, méjì kọ̀. Mo sáré wọlé lọ sọ fún un. Ó dáa, ó dáa, ó dáa — ó sọ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀. Bóyá ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni. Mi ò kà á.

Ọjọ́rú, 23

Mo ta okùn fún wọn kí wọ́n lè máa gùn ún. Tépù ìránṣọ ni mo fi wọn àárín wọn, ogún íǹṣì sí ara wọn. Tépù tirẹ̀, onírin gígùn tí wọ́n fi ń wọnlẹ̀, wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ti dípẹtà. Ká ní ó ṣì ń sọ̀rọ̀ ni, á ní, "Ìyàwó, ṣé ṣòkòtò lò ń rán fún kùkúńbà yẹn ni?" Mo dá rẹ́rìn-ín nínú ọgbà bí wèrè.

Ìṣẹ́gun, 29

Nọ́ọ̀sì wá. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló máa ń wá bá a na ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ó ní kí n máa bá a sọ̀rọ̀. "Màmá, a ò lè mọ iye tó ń wọlé o. Ẹ ṣáà máa sọ." Mo sọ. Mo sọ ti oníbàárà tó sanra tó ní kí n fi ìwọ̀n ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn rán aṣọ fóun, pé òun ò yí padà. Mo sọ ti ọgọ́ta aṣọ iléèwé tó wà lọ́rùn mi. Ó ń wo ẹnu mi bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ó dáa. Bí ẹni ń rọ omi sínú agbọ̀n ni.

Ìṣẹ́gun, 13 oṣù karùn-ún

Òdòdó! Yẹ́lò, méje. Mo juwọ́ sí fèrèsé, ó ju ọwọ́ òsì padà. Ọjọ́ dáadáa.

Àìkú, 18

Mo fara balẹ̀ wò wọ́n lónìí bí mo ṣe máa ń wo ojú rírán. Oríṣi méjì ni. Àwọn kan pọn ọmọ: kùkúńbà kékeré, kò tó ìka ọwọ́ ọmọ tuntun, wà lẹ́yìn òdòdó wọn. Àwọn yòókù ò pọn nǹkan kan. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ lásán ló gbé wọn dúró. Wọ́n á là láàárọ̀, wọ́n á rọ nírọ̀lẹ́, wọ́n á já, ó parí. Wọ́n sì pọ̀ ju àwọn abiyamọ lọ fíìfíì. Mo ti sọ wọ́n lórúkọ: aláfẹ́. Omi mi ni wọ́n ń mu, wọn ò ṣiṣẹ́ kankan.

Ajé, 19

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé àwọn aláfẹ́. Ọgbọ́n ìránṣọ ni. Òwú tí kò bá so nǹkan mọ́ nǹkan, gé e kúrò, kí aṣọ lè mọ́. Kí agbára lè lọ sára àwọn abiyamọ. Sísọ́ọ̀sì aṣọ mi ni mo mú, èyí tí kò gé nǹkan míì ju aṣọ lọ láti ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Awọnlẹ̀ fi gé páálí. Odindi ọjọ́ méjì ni mi ò fi bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìka tó bá tọ́ símú la fi ń romú. Òun nìkan ló mú tó láti gé wọn láì fa ìtàkùn ya. Mọ́kànlélógún ni mo gé.

Mo gbọ́ kó, kó, kó. Awọnlẹ̀ ni, ó ń fi ṣíbí lu gíláàsì fèrèsé. Ó na ìka méjì ọwọ́ òsì, ó ń ṣí wọn, ó ń pa wọ́n dé. Sísọ́ọ̀sì! Ọ̀rọ̀ páálí ọjọ́sí ló fi ń gbẹ̀san, pé èmi tí mo bínú nígbà yẹn, kí ni mo wá ń fi gé báyìí! "Ó dáa! Ó dáa! Ó dáa!" — mo ń gbọ́ ọ láti inú ọgbà. Mo gbé òdòdó kan sókè kó lè rí i, mo gé e lójú rẹ̀, mo tẹríba fún un bí òṣèré. Omi bọ́ lójú mi. Ó rántí. Ọkọ mi ṣì wà nínú ara yẹn.

Ọjọ́bọ̀, 22

Gé: mẹ́tàdínlógún. Abiyamọ: mẹ́fà. Ó tún lu gíláàsì débi pé mo gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀. Eré náà ti ń pọ̀ jù.

Àbámẹ́ta, 24

Ìka méjì yẹn ò dúró. Ká jẹun, ká wẹ̀, ká jókòó jẹ́ẹ́: ṣí, pa dé, ṣí, pa dé. Mo wá wo ọwọ́ rẹ̀ — ṣé ẹ ò rí èékánná! Ó gùn bí ti ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ojú tì mí. Mo gé gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ó ń fa ọwọ́ gbà lọ́wọ́ mi, ó ń sọ pé ó dáa, ohùn rẹ̀ ò sì dáa rárá.

Ìṣẹ́gun, 27

Àwọn ọmọ kékeré yẹn ń kú. Orí wọn á kọ́kọ́ yẹ́lò, wọ́n á sún kì, wọ́n á já. Mẹ́rin lónìí. Mo kó wọn sátẹ́lẹwọ́, wọn ò wúwo ju bọ́tìnnì lọ. Nọ́ọ̀sì ní bóyá omi ò tó wọn. Mo bomi rin wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Mo sì ń gé àwọn aláfẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ báyìí, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Tí mo bá le mọ́ wọn, bóyá àwọn abiyamọ á rí ara gbé e.

Ọjọ́rú, 28

Mẹ́ta já.

Ọjọ́bọ̀, 29

Márùn-ún. Mo da eérú sídìí wọn. Mo fi aṣọ àlòkù ṣíji bò wọ́n nítorí oòrùn. Mo ṣí i kúrò nítorí ìbòòji. Kí ni mo mọ̀? Bí mo ṣe wọlé, ó fi ọwọ́ òsì gbá kọ́ọ̀bù tíì kúrò lórí tábìlì, ó wá na ọwọ́ kan náà sí fèrèsé. Mo rò pé afẹ́fẹ́ ló ń bá a jà. Mo pa fèrèsé dé.

Ẹtì, 30

A ṣubú ní balùwẹ̀, èmi àti òun. Mo wà lábẹ́ rẹ̀ lórí táìlì, mi ò lè gbé e, mi ò lè yọ ara mi. Imú wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Ó ní ó dáa. Mo ní kò dáa, ẹ dákẹ́, kò dáa rárá. Ó tó wákàtí kan kí n tó fà wá dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀yìn mi. Mo pe Àkọ́bí.

Àìkú, 1 oṣù kẹfà

Àkọ́bí dé, ọmọ wa obìnrin àgbà, ẹni tó jẹ́ pé tó bá ti sọ̀rọ̀, ó ti sọ ọ́ nìyẹn. Ó ti to gbogbo rẹ̀ kó tó bọ́ bàtà. Yàrá kan wà nísàlẹ̀ ilé rẹ̀. Obìnrin kan wà tó mọ bá a ṣe ń tọ́jú aláìsàn. Bàbá á lọ lọ́jọ́ kẹrìnlá. Èmi á tẹ̀ lé e tí mo bá parí aṣọ iléèwé, tí ẹ̀yìn mi bá sì san.

Mo sọ ti sísọ́ọ̀sì àti páálí fún un. Mo ní ó rántí. Ó fọwọ́ lé mi léjìká. Ó ní, "Màmá mi, ọwọ́ wọn ló kàn ń ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ má tan ara yín." Ó wá bi mí gbangba pé, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà pẹ̀lú wọn lójoojúmọ́, ṣé ẹ rò pé wọ́n mọ nǹkan tó ń lọ?"

Ẹ̀yìn ń ro mí. Kùkúńbà mẹ́fà ti já láàárọ̀ yẹn. Kọ́ọ̀bù ti fọ́, èékánná gígé ti di ìjà, kò sí ohun tí mo ṣe tó tọ́. Mo ní, "Mi ò rò bẹ́ẹ̀ mọ́."

Àárín wa ni Awọnlẹ̀ jókòó sí. Ó wo Àkọ́bí, ó wò mí, ó pẹ́ kó tó gbé ojú kúrò lára mi. Ó ní, "Ó dáa."

Ẹyin lohùn. Ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́rú, 4

Ìka méjì yẹn. Mo tún gé èékánná rẹ̀, kò sì sí nǹkan tó kù láti gé. Ẹ̀jẹ̀ yọ ní àtàǹpàkò. Ó sunkún, èmi náà sunkún. Mo jágbe mọ́ ọn: Kí lẹ fẹ́? Kí lẹ fẹ́ gan-an? Kí Ọlọ́run má kà á sí mi lọ́rùn.

Àìkú, 8

Gé: mọ́kàndínlógún. Já: gbogbo rẹ̀.

Ká ní Tíṣà wà nílé ni, òun ni ǹ bá bi. Ilé kejì ló ń gbé. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ló fi kọ́ àwọn ọmọ iléèwé títí ó fi fẹ̀yìn tì, òun àti Awọnlẹ̀ sì máa ń jiyàn lórí ògiri títí ọbẹ̀ mi á fi jóná. Ó ti lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, kò tíì dé. Mo lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò bá ká nǹkan, ó lè máa kan ilẹ̀kùn òfìfo.

Ìṣẹ́gun, 10

Nọ́ọ̀sì wá fún ìgbà ìkẹyìn. Mo sọ ọ̀rọ̀ Àkọ́bí fún un, ó ní òun ò fara mọ́ ọn tán. Ó ní lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí òun ṣe ń na ọwọ́ Bàbá, wọ́n ti òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń nàka sí ọgbà. "Ó jọ pé nǹkan wà tí wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ rí níbẹ̀, Màmá." Mo ní ó máa ń nàka síbi gbogbo. Mo lọ wo ọgbà. Kí ló wà níbẹ̀? Ewé tútù yọ̀yọ̀, kò sí ọmọ kankan. Mo gé mẹ́jọ, mo wọlé.

Ọjọ́bọ̀, 12

Mo ń di ẹrù rẹ̀. Ṣòkòtò mẹ́rin, mo ti fi rọ́bà sí ìbàdí wọn kó lè rọrùn láti fà sókè. Ìgò oògùn tó kọ TÈMI NI sí ti ṣófo. Mo fi sínú àpò rẹ̀, mo yọ ọ́, mo tún fi sí i.

Àbámẹ́ta, 14

Ó ti lọ.

Obìnrin tó máa tọ́jú rẹ̀ àti dírẹ́bà ló gbé e. Mo ń tẹ̀ lé wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, mò ń tún kọ́là aṣọ rẹ̀ ṣe, àfi bó ṣe na ọwọ́ òsì sínú àpò iwájú mi, ó fa sísọ́ọ̀sì yọ. Ó dì í mú pinpin. Ó fẹ́ gbé e lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbìyànjú kí wọ́n tó rí i gbà, ìka kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ká kúrò. Ó dáa, ó dáa, ó dáa — ó pariwo rẹ̀ dé inú mọ́tò. Àkọ́bí ní, "Ṣé ẹ rí i fúnra yín, Màmá? Wọ́n lè fi ṣe ara wọn léṣe."

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà tèmi ti sísọ́ọ̀sì. Mo sùn lọ́sàn-án yìí, oorun tó dára, àkọ́kọ́ láti ìgbà ọsibítù. Nígbà tí mo jí, mo kórìíra ara mi.

Àìkú, 15

Ilé dákẹ́. Gé: mẹ́wàá.

Ìṣẹ́gun, 17

Tíṣà dé lánàá. Láàárọ̀ yìí ó yọrí lórí ògiri, awò dúdú lójú rẹ̀, ó bá mi nídìí iṣẹ́. Ó ní kí ni mò ń gé yẹn. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un: abiyamọ, aláfẹ́, agbára. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó wá rí abọ́ tí mo ń kó wọn sí. Ó yọ awò, ó wo ìtàkùn kọ̀ọ̀kan láti òkè délẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ó ní, "Ìyá, akọ ni wọ́n. Àwọn tẹ́ ẹ̀ ń pè ní aláfẹ́ yẹn, àwọn ni ọkọ. Lẹ́búlẹ́bú inú wọn ni oyin ń gbé lọ sára abo kí ọmọ rẹ̀ tó lè dúró. Tí kò bá sí wọn, oyún á kàn máa wálẹ̀ ni. Ẹ ti sọ gbogbo ọgbà yìí di opó."

Ó ń sọ̀rọ̀ lọ, ó ní ó ya òun lẹ́nu, nítorí Awọnlẹ̀ mọ̀ ọ́n ju òun tí wọ́n fún ní ìwé ẹ̀rí lọ. Ó ní lọ́dún kan tí oyin ò wá, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń mú akọ kan abo, lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ sì ní ojú fèrèsé ló ń jókòó sí. Ṣé kò wá ọ̀nà kankan sọ fún yín ni?"

Mo ní, "Ó sọ fún mi. Ojoojúmọ́ ló ń sọ fún mi."

Mo jókòó sínú ẹrẹ̀. Ṣíbí lára gíláàsì. Ìka méjì. Kọ́ọ̀bù tíì. Sísọ́ọ̀sì tí wọ́n ká ìka rẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko ló fi ń kígbe pé kí n má pa wọ́n, èmi sì ń tẹríba fún un bí òṣèré. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo wo ojú ọkùnrin yẹn, èékánná ni mo rí.

Tó bá mọ̀ ọ́n ní gbogbo ìgbà yẹn, á jẹ́ pé ó gbọ́ èyí tí mo sọ fún Àkọ́bí náà. Ó gbọ́ ọ. Ó jókòó sáàárín wa, ó gbọ́ ọ.

Ọjọ́rú, 18

Mi ò gé. Akọ mẹ́rin ló là láàárọ̀ yìí. Tíṣà ní nítorí pé ìtàkùn ò tíì so, kò tíì rẹ̀ ẹ́, á ṣì máa yọ òdòdó. Ó dúró lẹ́yìn ògiri, ó ń kọ́ mi: já akọ kan, bọ́ aṣọ yẹ́lò ara rẹ̀ kúrò, mú ọ̀pá kékeré inú rẹ̀, fi pa inú abo jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ọ̀pá yẹn bọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì, èmi tí mo máa ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́ láì wò ó. Mo ṣe abiyamọ méjì. Ó lè dúró, ó lè já. Tíṣà ní ó di ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin ká tó mọ̀.

Mo pe Àkọ́bí. Kí n tó lanu, ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti dé ni Bàbá ti ń fi ìka méjì ṣe nǹkan yẹn, ṣí, pa dé, ṣí, pa dé. Ó ní òun gé èékánná wọn lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n sunkún. "Ṣé kí n tún gé e ni, Màmá?"

Mo ní, "Má gé nǹkan kan mọ́. Gbé fóònù sí wọn létí."

Mo gbọ́ mímí rẹ̀. Mo ní, "Èmi ni. Mo ti gbọ́ yín. Akọ ni wọ́n, mi ò mọ̀. Mi ò gé wọn mọ́. Mẹ́rin là lónìí, ọ̀kan ni mo já láti fi ṣe abo, mẹ́ta ṣì wà níbẹ̀. Èyí tí mo sọ lójú yín lọ́jọ́ Àìkú ọjọ́sí, ẹ jọ̀ọ́."

Kò sọ pé ó dáa.

Àkọ́bí ló gbà á padà. Ohùn rẹ̀ ti yí. Ó ní, "Màmá, kí lẹ sọ fún wọn? Ọwọ́ wọn ti dúró."

Lọ́la ni màá lọ mú un wálé. Ẹ̀yìn ṣì ń ro mí. Bí mo ṣe máa gbé e wọ balùwẹ̀, mi ò mọ̀.